Òróró Àlòkù: Ọ̀nà Tó Yẹ Kó Gbà Jáde Nínú Ilé

Ilé tí wọ́n bá ti ń dín àkàrà, dòdò, ẹja tàbí ẹran kò lè ṣàìní òróró tó ṣẹ́ kù nínú agbada. Ìbéèrè tí àwọn tó ń dáná nílé sábà máa ń béèrè nípa rẹ̀ la dáhùn sísàlẹ̀ yìí. Ohun méjì ni gbogbo ìdáhùn náà rọ̀ mọ́: òróró àlòkù kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà dé inú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ padà sẹ́nu ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tó bá ti bàjẹ́.

Irú òróró wo gan-an là ń sọ?

Gbogbo òróró àti ọ̀rá tí a ti fi se oúnjẹ tàbí tí a ti fi dín nǹkan ni: òróró ẹ̀pà, òróró sóyà, epo pupa, àdín, ọ̀rá tó yọ́ lára ẹran, àti èyí tó máa ń léfòó sójú ọbẹ̀ tó bá sùn mọ́jú. Òróró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ kò sí lára rẹ̀. Májèlé ni ìwọ̀nyẹn, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, kò sì sí ìdí kankan tí wọ́n fi gbọdọ̀ bá òróró ìdáná pàdé nínú kẹ́ẹ̀gì kan náà.

Kí ló burú nínú dída òróró sí síǹkì, nígbà tó jẹ́ pé ó ń ṣàn bí omi?

Ó ń ṣàn nínú agbada nítorí pé iná ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa wọ páìpù, kò síná mọ́. Epo pupa ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù lọ, nítorí kò sí ẹni tó gbé ilé Yorùbá lásìkò ọyẹ́ tí kò tíì rí ìgò epo tó dì gbagidi láàárọ̀, tí wọ́n ní láti gbé sẹ́bàá iná kí ó tó dà. Nǹkan bí ìlàjì ọ̀rá tó wà nínú epo pupa ló jẹ́ irú èyí tó máa ń dì bẹ́ẹ̀. Òróró ẹ̀pà kì í dì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù, gbogbo ohun tó bá sì ń kọjá, ìrẹsì, èèpo ẹ̀wà, ẹ̀gún ẹja, á máa lẹ̀ mọ́ òun náà. Bí ẹ bá tú ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọ́rọ́ lábẹ́ síǹkì tó ti dí, ohun tí ẹ óò bá níbẹ̀ ni ẹrọ̀fọ̀ aláwọ̀ eérú kan tó ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lára aṣọ.

Dídì nìkan kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òróró tó bá pẹ́ nínú omi ìdọ̀tí máa ń túká, ásíìdì ọ̀rá á jáde nínú rẹ̀, ásíìdì yìí á sì bá kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú omi àti lára sìmẹ́ǹtì lẹ̀ pọ̀. Ohun tí wọ́n dà ni irú ọṣẹ kan, ṣùgbọ́n ọṣẹ tí kì í hó, tí kì í yọ́ nínú omi, tó sì le débi pé irin ni wọ́n fi ń ha á.

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Èkó, kò sí páìpù ìjọba tó ń gba omi ìdọ̀tí lọ́wọ́ ẹni. Sókàwéè ló ń gbà á. Sókàwéè kì í ṣe àgbá tí a ń kó omi pamọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí omi máa gba ara rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Bí òróró bá ti ń bo òkúta àti yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, ojú ihò tínńtín tí omi ń gbà á máa dí, kòtò tí kò yẹ kó kún fún ọ̀pọ̀ ọdún á kún láàárín àkókò díẹ̀, onílé á sì máa pe ọkọ̀ tó ń fa kòtò lemọ́lemọ́. Àwọn ayálégbé sábà máa ń rò pé kòtò náà kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ilé ìdáná ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìlú tí páìpù ìjọba wà pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ Thames Water, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó omi ìdọ̀tí níbẹ̀, bá òkìtì ọ̀rá kan pàdé nínú ihò ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ Whitechapel, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Gígùn rẹ̀ tó 250 mítà, ìwúwo rẹ̀ sì tó nǹkan bí 130 tọ́ọ̀nù. Òróró ìdáná, tíṣù olómi àti ìlédìí àwọn ọmọdé ló para pọ̀ di í, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gé e wẹ́wẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ègé rẹ̀ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of London kí àwọn ará ìlú lè wá fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ́ sábẹ́ ilẹ̀.

Bí mo bá da omi gbígbóná àti ọṣẹ tẹ̀ lé e ńkọ́?

Omi gbígbóná kò pa á run. Ó kàn tì í síwájú ni. Ọṣẹ á pín òróró náà sí wẹ́wẹ́, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti lọ, àmọ́ bí omi bá ti tutù tí ọṣẹ náà sì ti ṣàn dànù, òróró á tún kó ara rẹ̀ jọ. Ẹ kàn gbé e kúrò lábẹ́ síǹkì tiyín, ẹ gbé e sábẹ́ fèrèsé alájọgbé yín ni.

Gọ́tà iwájú ilé ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló ń dà á síbẹ̀.

Òróró nìkan kọ́ ló ń dí gọ́tà. Iyanrìn àti náílọ̀nù píọ̀ wọ́tà ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí òróró ń ṣe ni pé ó ń so wọ́n mọ́ra, débi pé òjò tí ì bá gbá wọn lọ kò ní lè gbá wọn mọ́. Ará Ìbàdàn kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un ohun tí ọ̀nà omi tó dí lè ṣe. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ilé ṣì wà nínú ìtàn ìlú náà lábẹ́ orúkọ Omíyalé, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní igba.

Gọ́tà kì í sì í ṣe ibi tí nǹkan ń parí sí. Ti Ògùnpa ń lọ sínú odò Ọ̀nà, ti Èkó ń lọ sínú ọ̀sà. Òróró tó bá débẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi, kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa, kòkòrò tó ń jẹ òróró náà á sì tún máa lo èyí tó ṣẹ́ kù nínú afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí.

Wọ́n ní òróró ń pa ẹfọn. Ṣé kò wá dára láti dà á sínú omi tó dúró?

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ìdin ẹfọn máa ń wá sójú omi láti mí, bí òróró bá sì bo ojú omi, wọn kò ní lè mí. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dída epo sójú omi adágún wà lára ọ̀nà tí àwọn wolé-wolé fi ń gbógun ti ibà. Ṣùgbọ́n gọ́tà ìgboro kì í dúró sójú kan. Òjò kan péré á gbá òróró náà lọ, ìdin mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ nínú ìdọ̀tí tó lẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹfọn dín kù ní iwájú ilé rẹ̀, kí ó gbé ṣọ́bìrì, kí ó sì kó gọ́tà, kí omi lè máa lọ.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní ilẹ̀ púpọ̀. Ṣé mo lè dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sórí ààtàn?

Ẹ má ṣe é. Ilẹ̀ tó bá mu òróró kì í mu omi mọ́ dáadáa, omi òjò á máa yọ̀ kọjá lórí rẹ̀, gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ á sì máa wá omi àti afẹ́fẹ́. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, èèrà á ti mọ ojú ibẹ̀, eku náà á sì tẹ̀ lé wọn, pàápàá bí òórùn ẹja bá wà nínú òróró náà. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀nba ṣíbí kan tó lẹ̀ mọ́ ewé ẹ̀fọ́ tàbí èèpo iṣu tí ẹ fẹ́ kó jẹrà fún ajílẹ̀, kò burú. Gálọ́ọ̀nù kan kọ́ là ń sọ níbẹ̀ yẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òróró ti gbó, pé kò yẹ kí n tún fi dín nǹkan mọ́?

Kò sí iye ìgbà kan pàtó tí a lè pè, nítorí pé ohun tí ẹ fi dín àti bí iná ṣe gbóná tó ló ń pinnu rẹ̀. Òróró tí a fi dín dòdò lórí iná tó mọ níwọ̀n á pẹ́ ju èyí tí a fi dín ẹja tí a bu iyọ̀ sí lọ. Àmì wà tí ojú, imú àti ọwọ́ lè rí. Àwọ̀ rẹ̀ á dúdú bí omi tíì tó pọ́n jù, á sì máa ki bí ó bá tutù. Ìfófòó á máa hó lójú rẹ̀, tí kì í sì í tètè lọ bí ẹ bá yọ ohun tí ẹ ń dín kúrò. Àmì tó dájú jù lọ ni èéfín: òróró tí kì í rú èéfín tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú u nígbà tí iná kò tíì le, èéfín náà á sì máa ta ojú àti ọ̀fun. Bí ẹ bá ti rí èyí, ẹ má ṣe bu òróró tuntun lé e láti fi tún un ṣe. Àṣà yìí wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbó ló máa ń ba tuntun jẹ́.

Ilẹ̀ Faransé fi òfin de ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń ta oúnjẹ: bí àwọn èròjà tó ti bàjẹ́ nínú òróró bá ti ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, dandan ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ilé, a kò ní ẹ̀rọ tí yóò wọ̀n ọ́n fún wa, nítorí náà ẹ gba ohun tí imú yín bá sọ gbọ́.

Ẹ lè mú kí ó pẹ́. Ẹ sẹ́ ẹ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan kí àkàrà wẹ́wẹ́ tó ti jóná má bàa wà nínú rẹ̀, ẹ má bu iyọ̀ sí nǹkan kí ẹ tó dín in, ẹ gbẹ omi ara ẹja àti ẹran kúrò, ẹ sì tọ́jú òróró náà síbi tí oòrùn kò ti lè bá a. Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí ẹni tí kò bá da òróró púpọ̀ sínú agbada láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ní púpọ̀ tí yóò máa wá ibi tí yóò dà á sí.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú èyí tó ti gbó títí yóò fi jáde nílé?

Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Bí ẹ bá dín nǹkan lálẹ́, ẹ bo òróró náà, ẹ sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀ níbi tí ọmọdé kò ní lè dé. Ìdí kì í ṣe ọwọ́ yín nìkan: ike omi tí a ń lò máa ń rọ̀, á sì ká wọnú bí ohun tó gbóná gidi bá wọ inú rẹ̀, òróró á sì dà sílẹ̀ káàkiri ilé ìdáná. Lẹ́yìn tó bá tutù, ẹ fi àrọ sẹ́nu ike náà, ẹ da òróró gba inú asẹ́ wọlé, ẹ sì dé e pinpin. Ike tó gbẹ ni kí ẹ lò, nítorí omi inú òróró ń jẹ́ kó tètè rùn, àwọn tó ń gbà á kì í sì í fẹ́ ẹ. Ẹ kọ ohun kan sára ike náà tí gbogbo ará ilé mọ̀, bóyá "ÒRÓRÓ TÓ TI GBÓ, Ẹ MÁ FI SE NǸKAN", kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ibi tí òróró tuntun wà. Ilé tí àlejò ti ń wọlé dáná, tí màmá àgbà sì ń wá láti abúlé, mọ ìdí tí a fi ní kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Epo pupa tó bá dì kò nílò ike. Inú agolo tàbí ọ̀rá tó nípọn ni kí ẹ fi ṣíbí kó o sí.

Òróró díẹ̀ tó kù lára agbada àti àwo ńkọ́?

Díẹ̀ yìí gan-an ló ń dí páìpù jù lọ, nítorí ojoojúmọ́ ni. Kí omi tó kan agbada, ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́, tíṣù tàbí èèpo àgbàdo gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àkísà ni ẹ fi nù ún, ẹ má ká àkísà olóròóró jọ gègèrè síbi tó gbóná, nítorí òróró bíi ti sóyà máa ń mú ooru jáde bí afẹ́fẹ́ ti ń jẹ ẹ́, àkísà tí a dì mọ́ra lè gbóná títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ, tàbí kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Kò sí ẹni tó ń gba òróró àlòkù ládùúgbò mi, ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí nìkan ló ń wá. Kí ni kí n ṣe?

Ọkọ̀ PSP lè kó o bí ẹ kò bá fún un ní ohun tó ń dà. Ẹ wá ìyẹ̀ pákó ní sọ́míìlì tàbí lọ́dọ̀ káfíńtà, ẹ dà á sínú ọ̀rá tó nípọn, ẹ da òróró tútù lé e díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó títí ìyẹ̀ náà yóò fi mu ún, tí ohunkóhun kò ní máa ṣẹ̀rọ̀ sísàlẹ̀ mọ́. Iyanrìn gbígbẹ tàbí eérú tútù ń ṣe é pẹ̀lú, àmọ́ wọ́n wúwo. Ẹ di ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì gbé e sínú garawa ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀, kí ajá àti eku má bàa tú u. Ẹ kò tíì gba òróró náà lọ́wọ́ ìṣòfò pẹ̀lú èyí, ṣùgbọ́n ẹ ti gbà á lọ́wọ́ omi. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ gbé ike tí ìdérí rẹ̀ ṣílẹ̀ sínú ọkọ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdọ̀tí á fọ́n ọn sí títì.

Ṣé mo lè fi ta ẹni tó bá fẹ́ rà á?

Ìbéèrè tó gba ìrònú jù lọ nìyí. Òróró àlòkù ti di ọjà, àwọn kan sì ń gbà á pẹ̀lú òtítọ́ láti fi ṣe ọṣẹ tàbí epo dísẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n a lè fi iná àti èròjà kan mú kí òróró dúdú mọ́ lójú, kí a sì tún un tà fún ẹni tí yóò fi dín búrẹ́dì tàbí pọ́fù-pọ́fù fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Mímọ́ lójú kò sì sọ ọ́ di òróró tuntun. Nítorí náà, ẹ má ta á fún ẹni tí ẹ kò mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ fi ṣe, ẹ wo kẹ́ẹ̀gì tó gbé wá, kí ẹ sì fura sí ẹni tó bá ń yan èyí tó ṣì funfun, tí kò fẹ́ èyí tó dúdú. Ọlọ́ṣẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí kò ná wa lówó: ẹ bu ọṣẹ olómi tó ń rùn díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì náà bí ẹ bá ń fura, kò sẹ́ni tí yóò tún lè fi í dín nǹkan. Àmọ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń gbà á pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ti oúnjẹ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọdún 1999, ọ̀rá tí wọ́n kó jọ fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ́mù bá òróró ẹ̀rọ tíránsífọ́mà dàpọ̀, májèlé díóksíìnì sì wọ inú adìẹ àti ẹyin tí wọ́n ń tà káàkiri. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn mínísítà méjì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin Yúróòpù wá ka fífi òróró ilé ìdáná bọ́ ẹran ọ̀sìn léèwọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé a lè fi ṣe ọṣẹ?

Òótọ́ ni, kò sì ṣàjèjì sí wa. Àdín tàbí epo pupa àti omi eérú èèpo kòkó ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Òróró àti eérú ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Ní Bùràsíìlì náà, àwọn ìyàwó ilé sábà máa ń fi òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan ṣe ọṣẹ ìfọṣọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́sítíìkì sódà ṣe é gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Fún 1000 gíráàmù òróró ẹ̀pà tí a ti sẹ́, 128 gíráàmù kọ́sítíìkì àti 350 gíráàmù omi tó. Bí epo pupa bá wà nínú rẹ̀, iye yìí kan náà á ṣiṣẹ́, ọṣẹ náà á sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́sítíìkì ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí, nítorí ó lè hó kó sì ta sókè. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń jó ọ̀fun, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì tó bo ojú, kí àwọn ọmọdé sì wà níbòmíràn. Ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù tó pọ̀ nílé wa kò dára fún un rárá, torí kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, ó sì ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde. Garawa ike tó lágbára ni kí ẹ lò. Bí omi náà bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á sínú òróró, ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ dà á sínú ohun tí yóò fún un ní ìrísí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó lò ó. Bí kọ́sítíìkì bá kàn yín lára, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣàn án fún ìgbà pípẹ́. Aṣọ àti ilẹ̀ ni ọṣẹ yìí wà fún. Ojú ọmọ kékeré kọ́.

Ṣé mo lè dà á sínú jẹnẹrétọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì? Ṣé kò sí ìlò mìíràn nínú ilé?

Ẹ má dà á sínú jẹnẹrétọ̀. Ó ki ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, kò ní jóná tán, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì dí ẹnu ibi tí epo ń gbà tú sínú ẹ́ńjìnnì. Kí ó tó di epo ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní láti fi ọtí kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù yí i padà, ọtí yìí sì ń fọ́ni lójú, ó ń pani, ó sì ń tètè gbiná. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni.

Ní ti ilé, a lè fi èyí tí a ti sẹ́ tan fìtílà alámọ̀ pẹ̀lú òwú. Òórùn dòdò á bá a wá, ṣùgbọ́n á tàn. Ó sì dára láti fi pa àdá àti ọkọ́ kí wọ́n má dógùn-ún, àmọ́ ẹ má fi í sínú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí bí ó bá pẹ́ á máa lẹ̀ bí oje igi.

Níbo ni èyí tí wọ́n ń kó jọ ń lọ?

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń di epo dísẹ́ẹ̀lì, apá kan sì ń di epo ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ọkọ̀ òfuurufú Virgin Atlantic kan fò láti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù dé New York láìlo epo rọ̀bì rárá. Ọ̀rá àti òróró àlòkù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ jù nínú epo inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí iye owó òróró àlòkù fi ń ga, tí àwọn tó ń gbà á kiri sì fi ń wá a dé ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ.

Èmi wà ní òkè òkun. Ṣé nǹkan yàtọ̀ níbẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ káńsù ló ní ibùdó tí wọ́n ti ń gba òróró ìdáná nínú ike tó dé pinpin. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè bá oúnjẹ àjẹkù lọ níbi tí káńsù bá ti gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí káńsù tiyín sọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìlú máa ń ṣètò ìkójọ pàtàkì lẹ́yìn Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ wọn, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti dín odindi tòlótòló. Ẹni tó bá sì ń dín àkàrà nínú epo pupa ní ìlú òtútù kí ó mọ̀ pé páìpù ibẹ̀ tutù ju ti ilé lọ. Epo á dì síbẹ̀ kí ó tó rìn jìnnà.

Bí òróró bá gbiná nínú agbada ńkọ́?

Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí tó tóbi jù ú lọ bò ó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Ẹ má da omi lé e láéláé. Omi wúwo ju òróró lọ, á rì sísàlẹ̀, á sì di oru lójijì. Oru náà gba àyè ju omi lọ ní nǹkan bí 1,700 ìlọ́po, á sì fọ́n òróró tó ń jó náà dé àjà. Ẹ má sì gbé agbada náà sáré jáde.

A ṣe ìnáwó, òróró tó kù lẹ́yìn ẹran díndín kún agbada ńlá. Ta ló ni í?

Ẹ bá alásè sọ ọ́ kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí àwọn onílù ti ń palẹ̀ mọ́. Bí ẹ kò bá sọ ohunkóhun, ọ̀kan nínú méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀: àwọn tó ń fọ àwo á dà á sí gọ́tà àdúgbò ní ọ̀gànjọ́ òru, tàbí kí wọ́n bù ú fún ara wọn lọ sílé láti fi se ọbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ní kí alásè gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tó gbẹ wá. Èyí tí wọ́n fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀kan péré, tó ṣì mọ́, tí kò rú èéfín, ẹ sẹ́ ẹ sínú ọ̀kan, kí ẹ sì pín in fún àwọn tó bá fẹ́ lò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi dín ẹran láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, inú kẹ́ẹ̀gì kejì ni kó wọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tutù, kí ẹ kọ nǹkan sí i lára, kí ó sì wà lọ́dọ̀ onínàáwó títí ọlọ́ṣẹ tàbí ẹni tó ń gbà á yóò fi dé.